Líǹkì Tí A Fi Pamọ́ Kì Í Ṣe Ilẹ̀kùn Tí A Tì

Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ wa lọ́sẹ̀ yìí, tàbí tí dátà yín kò gbé e, ohun tí mo sọ náà ni mo kọ síbí. Mo kàn yọ ẹ̀rín àti "ẹ̀n-ẹ́n" tó pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ojú ewé fún ìpàdé tàbí ayẹyẹ rí lórí ayélujára: ìpàdé àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé, ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó. Ìbéèrè náà ni pé, ta ló yẹ kó rí ojú ewé yẹn? Bí ẹ bá sì dáhùn pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé nìkan ni, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àwọn nìkan ló ń rí i lóòótọ́?

Èmi náà rò pé mo mọ̀. N kò mọ̀.

Ọkùnrin tí a kò pè

Ní ọdún tó kọjá, a pe ìpàdé àwọn olùgbọ́ wa ní Yábàá. Ogójì èèyàn péré la fẹ́, torí pé iyàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo ṣe ojú ewé ìpàdé náà sórí ìkànnì wa. Mo kọ àdírẹ́sì sí i, mo kọ aago sí i, mo fi nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkànnì náà máa ń to orúkọ àti fọ́tò àwọn tó bá ti ní àwọn ń bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá rí i pé àwọn ẹlòmíràn ń lọ, ó máa ń wu òun náà láti lọ.

Nítorí pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nìkan la ń retí, mo yọ ojú ewé náà kúrò lára mẹ́nù ìkànnì wa, mo wá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ẹni tí kò bá ní líǹkì, mo ní kò lè débẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọkùnrin kan dé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ó múra dáadáa, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá bèèrè ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa, ó dárúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo yíjú wo ọmọbìnrin náà, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń sá fún ọkùnrin yìí. Ó ti kó kúrò nílé tí ọkùnrin náà mọ̀, ó ti yí nọ́ńbà padà, ó ti dí i lọ́nà lórí gbogbo áàpù. A dá ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, a gba ẹ̀yìnkùlé mú ọmọbìnrin náà jáde, a bá a pe ọkọ̀, ọ̀kan nínú wa sì tẹ̀lé e délé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ orúkọ rẹ̀ sí Google. Ojú ewé wa ló kọ́kọ́ jáde. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì, ọjọ́ àti aago tí yóò wà níbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn. Kò nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mo ti pa gbogbo ojú òpó mi rẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ta lẹ ní kó máa rí orúkọ mi?" N kò rí èsì fún un. Ó gbà kí n sọ ìtàn náà lórí ètò, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo-gbọ́-mo-yà orí ayélujára

Gbogbo wa la mọ mo-gbọ́-mo-yà. Ó gbọ́ ìlù, ó yà síbẹ̀, ó jẹ ìrẹsì, ó gba ìke tàbí abẹ̀bẹ̀ ìrántí, ó lọ. Bí ó bá burú jù, oúnjẹ kò kárí. Ti orí ayélujára yàtọ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń kọjá lójú pópó nìkan ló ń gbọ́ ìlù yín.

Ní ọdún 2012, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Haren ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ọmọbìnrin kan fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 16 rẹ̀. Ó ṣe ojú ewé ayẹyẹ náà sórí Facebook, ṣùgbọ́n kò sé e mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ló lè rí i. Ọ̀rẹ́ pe ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ pe àjèjì, títí ìpè náà fi dé ọ̀dọ̀ nǹkan bí 30,000 èèyàn. Wọ́n pa ojú ewé náà rẹ́, àwọn ẹlòmíràn tún ṣe tiwọn. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ya wọ ìlú náà. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti ọlọ́pàá, wọ́n dáná sun ọkọ̀, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Job Cohen, tó ti jẹ́ olórí ìlú Amsterdam rí. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ojú ewé kan wà ní ṣíṣí nígbà tó yẹ kó wà ní títì.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó sún mọ́ wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìròyìn jáde pé àwọn líǹkì tí èèyàn fi ń wọ ẹgbẹ́ WhatsApp ti wà lórí Google. Àwọn admin rò pé ẹni tí àwọn bá fún ní líǹkì nìkan ló lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti lẹ líǹkì náà mọ́ ibi tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Google lè rí i níbẹ̀, kó sì gbé e jáde fún ẹni tó bá ń wá a. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí àwọn àjèjì ti ń já wọ kíláàsì àti ìjọsìn orí Zoom, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ aṣínà àti yàrá ìdúródè sí ọ̀pọ̀ ìpàdé láìjẹ́ pé ẹni tó pe ìpàdé bèèrè fún un.

Ohun kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ tèmi. A gbà pé líǹkì ni kọ́kọ́rọ́. Líǹkì kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, àdírẹ́sì ni. Bí ẹ kò bá sọ àdírẹ́sì ilé yín fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn kò ní kí ilẹ̀kùn yín wà ní títì.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilẹ̀kùn gidi ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ líǹkì, fóònù yín máa ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan níbìkan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ojú ewé báyìí." Kọ̀ǹpútà yẹn là ń pè ní server. Server kì í rántí èèyàn. Bí ẹ bá bèèrè ojú ewé kan nísinsìnyí, tí ẹ tún bèèrè òmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lójú tirẹ̀, bí àjèjì méjì ni. Nítorí ìgbàgbé yìí ni Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ṣe gbé ohun tí wọ́n ń pè ní cookie wọ inú browser ní ọdún 1994.

Ẹ rò ó bí òde ìgbéyàwó ńlá kan ní Lekki. Ẹ mú káàdì ìpè dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yẹ orúkọ yín wò nínú ìwé, wọ́n so ọ̀já mọ́ yín lọ́rùn ọwọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá jáde lọ dáhùn fóònù tí ẹ sì padà, ọ̀já yẹn ni ẹ̀ṣọ́ máa wò; kò ní bèèrè káàdì mọ́. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni káàdì ìpè. Cookie ni ọ̀já.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Ṣé ọ̀já wà lọ́wọ́ ẹni yìí? Ọ̀já ta ni? Ṣé ẹni náà láṣẹ láti wọ yàrá tó fẹ́ wọ̀ yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó fún un ní ojú ewé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó darí rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wọlé, tàbí kó dá a padà. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ máa ń rí nígbà mìíràn lórí ayélujára, ìtumọ̀ wọn nìyẹn: 401 ni "n kò mọ̀ ọ́, fi ara rẹ hàn", 403 ni "ibí yìí kì í ṣe tìrẹ."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tòní kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́dọ̀ bèèrè ìbéèrè yìí kí ojú ewé tó kúrò lọ́dọ̀ server, ó sì gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí ojú ewé náà lè gbà jáde. Ohun yòówù tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dénú fóònù àlejò, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Aṣọ títa kì í ṣe ilẹ̀kùn

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo àwọn nǹkan tí a máa ń pè ní ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ṣe, yíyọ ojú ewé kúrò lára mẹ́nù. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ní fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní sitemap, tó máa ń to gbogbo ojú ewé tó wà lórí ìkànnì náà kalẹ̀ fún Google láti kà. Ìkànnì wa náà ní in. Mo yọ ọ́ kúrò lára mẹ́nù, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi tọ́ka rẹ̀ fún Google láìmọ̀.

Èkejì ni àpótí tó máa ń bo ojú ewé lójú: "Jọ̀wọ́ wọlé kí o tó kà á." Tó bá jẹ́ pé inú browser ni wọ́n ti ń bò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dé inú fóònù àlejò, aṣọ ni wọ́n kàn ta sí i. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí "View page source" lórí kọ̀ǹpútà yóò kà á látòkèdélẹ̀. Google náà lè kà á.

Ẹ̀kẹta ni robots.txt, fáìlì tí a fi ń sọ fún Google àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má wọ àwọn ibì kan. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Ọmọlúàbí nìkan ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé gbogbo ayé ló lè ka fáìlì náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé "ẹ má dé ibi ìpàdé-ìkọ̀kọ̀", ẹ ti fi ọ̀nà ibẹ̀ han ẹni tó ń wá a.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn. Èyí sàn ju àwọn yòókù lọ, ilẹ̀kùn gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ orí Status rẹ̀, ó ti tán. Ẹ kò ní mọ ẹni tó ṣe é, ẹ kò sì ní lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan láìgbà á lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ìdí nìyí tí wíwọlé pẹ̀lú àkáǹtì ẹni kọ̀ọ̀kan fi dáa jù lọ. Ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ọ̀já tirẹ̀ nìkan lẹ máa já.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo WordPress, ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá sọ ojú ewé di "Private", àwọn admin àti editor ló máa rí i, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lásán tó wọlé. Ọ̀pọ̀ máa ń yàn án, wọ́n á rí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kígbe, wọ́n á wá ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìbínú. Ohun tí ẹ nílò ni plugin fún ọmọ ẹgbẹ́, tàbí kí ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì kọ àyẹ̀wò náà sí i.

Bí ògiri kò bá lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn iwájú tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ògiri wa ti lanu. Mo rí i ju bí mo ṣe rò lọ.

Kàlẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú ewé ìpàdé sábà máa ń ní bọ́tìnì "Fi sí kàlẹ́ńdà mi." Fáìlì lọ́tọ̀ ló ń gbé jáde, tí àdírẹ́sì àti aago wà nínú rẹ̀. Mo ti ojú ewé, ṣùgbọ́n fáìlì kàlẹ́ńdà ṣì ń dá gbogbo ẹni tó bá pè é lóhùn.

Fọ́tò ló tẹ̀ lé e. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, àwòrán ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó ń dá a dúró. Ẹni tó bá ní líǹkì fọ́tò yóò rí fọ́tò, bí ojú ewé tó wà lórí rẹ̀ tilẹ̀ wà ní títì. Bí ìwé ìpè yín bá jẹ́ àwòrán tí ẹ kọ àdírẹ́sì sí lára, ẹ ò tíì ti nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá ìkànnì sọ̀rọ̀. WordPress ní tirẹ̀, ó máa ń wà ní abẹ́ /wp-json. Tó bá jẹ́ pé inú àwòrán ojú ewé nìkan ni ẹ ti fi ẹ̀ṣọ́ sí, ọ̀nà yìí lè máa pín ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn yín. RSS náà ńkọ́? Bákan náà ni.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀dà tí ìkànnì ń tọ́jú kó lè yára ṣí. Bí wọn kò bá tò ó dáadáa, ó lè tọ́jú ojú ewé tí ọmọ ẹgbẹ́ rí, kó sì gbé e fún àjèjì tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ewé tó wà fún ẹni tó wọlé nìkan kò yẹ kó wà nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

Ìkarùn-ún ló yà mí lẹ́nu jù. Bí ẹ bá lẹ líǹkì mọ́ WhatsApp, àkọlé, àlàyé kékeré àti àwòrán máa ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Àlàyé kékeré yẹn, ìta ilẹ̀kùn ni WhatsApp ti ń kà á. Tí ẹ bá kọ "Ilé Aunty, Òpópónà báyìí, aago mẹ́rin" sínú rẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n bá darí líǹkì náà sí ló máa kà á láìwọlé rárá.

Ta lẹ fún ní káàdì?

Ká ní ẹ ti dí gbogbo ihò yìí. Ìbéèrè kan ṣì kù. Ta ló lè ṣí àkáǹtì lórí ìkànnì yín? Bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè fi ímeèlì èyíkéyìí forúkọ sílẹ̀ kó sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé ìwọlé yín kò yàtọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ tó ń pín ọ̀já fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ọkùnrin tó wá sí Yábàá náà ì bá forúkọ sílẹ̀.

"Ó ti wọlé" àti "ó jẹ́ ọ̀kan nínú wa" kì í ṣe ohun kan náà. Nílé tiwa báyìí, ẹni tó bá ṣí àkáǹtì máa dúró títí ọ̀kan nínú wa yóò fi gbà á wọlé. Fún ìpàdé ojúkojú, orúkọ rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìpàdé yẹn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹsíteètì nílùú Èkó mọ irú ètò yìí: ẹ máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí àlejò yín, ti àlejò yẹn nìkan, ti ọjọ́ yẹn nìkan.

Kí la ó tì, kí la ó ṣí sílẹ̀?

Nígbà tí ojú ti tì mí tán, mo ti gbogbo rẹ̀ pa. Gbogbo ojú ewé, gbogbo ìpàdé. Oṣù kan kọjá, kò sí olùgbọ́ tuntun kan tó forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé nǹkan ń lọ? Ilé tí kò ní fèrèsé kì í pe àlejò.

Ohun tó bá wa mu ni pípín ojú ewé sí méjì. Apá kìíní wà ní gbangba: orúkọ ìpàdé, ọjọ́, ohun tí a máa sọ, agbègbè tó máa wáyé, bí ẹ ṣe lè forúkọ sílẹ̀. "Yábàá" tó, kò dìgbà tí a bá kọ nọ́ńbà ilé. Apá kejì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: àdírẹ́sì gan-an, nọ́ńbà fóònù, líǹkì Zoom, fọ́tò ìpàdé tó ti kọjá. Orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ńkọ́? A kì í fi hàn mọ́ rárá, àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Ṣùgbọ́n àwọn ìpàdé kan wà tí orúkọ wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣírí. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé àwọn obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù wọ́n, tàbí ti àwọn tó ń gba ìtọ́jú fún àìsàn kan, kò yẹ kí àkọlé rẹ̀ hàn. Fún irú èyí, kí server má tilẹ̀ sọ pé "ibí kì í ṣe tìrẹ," torí ìyẹn ti jẹ́wọ́ pé ibẹ̀ wà. Kó sọ 404, pé kò sí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Bí GitHub ṣe ń ṣe nìyẹn bí àjèjì bá tẹ líǹkì iṣẹ́ tí ẹlòmíràn tì.

Ẹ má fìyà jẹ àlejò tí ẹ pè

Ẹ̀ṣọ́ tó ń lé àlejò gidi náà kò wúlò. Bí èèyàn bá tẹ líǹkì ìpàdé tí ẹ ní kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn tó bá wọlé, ojú ewé ìpàdé náà gan-an ni kí ẹ gbé e padà sí, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó wà nínú dánfó pẹ̀lú bátìrì díẹ̀ kò ráyè máa wá àdírẹ́sì yín kiri.

Ohun mìíràn tó ń da àwọn olùgbọ́ wa láàmú nìyí: "Mo ti wọlé, ó tún ní kí n wọlé!" Ó sábà máa ń jẹ́ pé inú Chrome ni wọ́n ti wọlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú Instagram ni wọ́n ti tẹ líǹkì. Instagram ní browser tirẹ̀ nínú, ọ̀já tí Chrome so kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ àmì tó wà lókè, kí ẹ yan kí ó ṣí nínú browser yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìkànnì, ẹ kọ ìtọ́nisọ́nà yìí sí ojú ewé ìwọlé yín.

Fún àwọn tó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ lè máa fi kóòdù tàbí líǹkì tí kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn. Èyí fi ọkàn tèmi balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ kò gbà lọ́wọ́ èèyàn kò lè jò lọ́wọ́ yín.

Ìyẹn mú wa dé orí òfin. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ń gba orúkọ àti ímeèlì èèyàn, ẹrù ti wà lórí yín. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní ohun tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ gbà. Bí ó bá sì jò lọ́nà tó lè pa ẹni tó ni ín lára, kí ẹ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Fún ìpàdé ogójì èèyàn, kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ilé wọn ṣe?

Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Kí ẹ tó fi líǹkì ìpàdé tó ń bọ̀ ránṣẹ́, ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí.

1. Ẹ ṣí líǹkì náà nínú Incognito. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì, àjèjì náà rí i.
2. Nínú Incognito kan náà, ẹ ṣí líǹkì fáìlì kàlẹ́ńdà àti líǹkì fọ́tò kan lára ojú ewé náà.
3. Ẹ fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, kí ẹ ka ohun tó yọ lábẹ́ rẹ̀.
4. Ẹ kọ site: àti orúkọ ìkànnì yín sí Google, kí ẹ wo ohun tó ti kó. Bí ohun tí kò yẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tì í, kí ẹ tó lo Search Console láti ní kí Google yọ ọ́.
5. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì tuntun. Ibo ló lè dé?

Ọ̀rọ̀ lẹyin, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́. Ìdí nìyí tí ìdánwò yìí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Nígbà tí mo wá pa ojú ewé wa rẹ́, ó ṣì wà nínú àbájáde Google fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń wò ó láràárọ̀, n kò lè ṣe nǹkan kan sí i ju kí n dúró lọ.

Ọmọbìnrin náà kò tíì wá sí ìpàdé wa kankan láti ìgbà náà. Ó ṣì ń gbọ́ ètò wa, ó sọ fún mi. Mo ti fi àwọn nǹkan tí a tún ṣe hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní òun ti rí i. N kò bi í bóyá yóò wá sí èyí tó ń bọ̀. Ìyẹn kù sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ lọ ṣí líǹkì ìpàdé yín nínú Incognito báyìí, kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.